Ìwé Méjì, Ọwọ́ Kan

Ọmọ tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ ni Fọlákẹ́mi. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Toronto, òtútù ibẹ̀ ti kọ́ ọ lọ́pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò tíì gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń gbé tíì fún àgbàlagbà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní North York, orúnkún rẹ̀ a ti tẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó rántí pé Kánádà ni òun wà. Àwọn arúgbó náà a bi í pé, "Ṣé orúnkún ń dùn ẹ́ ni?" Òun a ní, "Rárá o, mà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni." Wọn a mirí tàánútàánú, wọn a ní kó yáa lọ rí dókítà.

Àìsàn kejì tó tún gbé wá láti ilé ni "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Fọlákẹ́mi kì í já àgbà ní koro. Bí àgbà bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, òun a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pa yín." Ìwà rere ni, kò sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe ìwà rere. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn náà ni í bà á jẹ́ bó bá pọ̀ jù.

Ìdí tábìlì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìjẹun, ni iyọ̀ náà ti pọ̀ jù. Àgbà méjì ló ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀kan ni Màámí Brónyà, obìnrin Júù, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tó kéré bí ẹyẹ ẹ̀gà tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gà. Èkejì ni Alhaji.

Ọ̀rọ̀ Alhaji yìí gba àlàyé. Jamíl ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn bàbá náà, ará Palẹstínì sì ni. Ní abúlé tí Fọlákẹ́mi ti wá, lẹ́bàá Ìwó, kò sí bí arúgbó ọkùnrin kan ṣe máa jẹ́ Jamíl tàbí Jàmíù tí kò ní jẹ́ Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Alhaji." Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń pè é bẹ́ẹ̀, tó sì ń rọra yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú abọ́ rẹ̀ kó tó gbé e dé iwájú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kan tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ló bá rí àgbélébùú onígi kékeré kan àti àwòrán Màríà lábẹ́ ìrọ̀rí. Onígbàgbọ́ ni bàbá! Láti ìran baba ńlá rẹ̀ ni, ìgbàgbọ́ wọn sì ti gbó ju gbogbo ìjọ tí Fọlákẹ́mi ti jókòó sí rí lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?"

"Ìwọ kọ́ lo ń pè mí bẹ́ẹ̀? Ní ìlú tiwa, wọ́n máa ń fi Hàjì pe àgbà nígbà mìíràn, kódà bí kò dé Mẹ́kà. Mo rò pé o kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni." Bàbá wò ó tìfuratìfura. "Àmọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mi yẹn. Ṣé ìwọ lo ń jí i?"

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ padà sínú abọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ò kúrò lẹ́nu Fọlákẹ́mi mọ́. Alhaji ni, Alhaji náà ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Ìlú kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn sì ń dá lé: Háífà, ìlú etí òkun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948, tí ogun ń jà, ọkọ̀ ojú omi gbé Jamíl ọmọ ọdún mẹ́fà kúrò ní èbúté Háífà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi mìíràn já Brónyà ọmọ ọdún méje sí èbúté kan náà. Ọ̀kan gba ẹnu ọ̀nà jáde, ọ̀kan gba ibẹ̀ wọlé, òkun ò sì rojọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà kí ilé ìtọ́jú kan ní Toronto tó fi wọ́n sí ìdí tábìlì kan, nítorí pé dókítà ti ní kí àwọn méjèèjì má jẹ iyọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ lé wa," Jamíl a bẹ̀rẹ̀, bí ọbẹ̀ bá ti dé.

"Èmi? Ọmọ ọdún méje? Ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga nígbà yẹn!"

"Àwọn èèyàn rẹ."

"Àwọn èèyàn mi ti kú tán ní Pólàǹdì kí n tó mọ orúkọ wọn. Ìwọ̀nba tó kù ló padà sí ibi tí baba wọn ti wà láti ìgbà Ábúráhámù."

"Ábúráhámù! Ṣé Ábúráhámù ló kọ́ ilé bàbá mi ni? Mo mọ orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ọ!"

"Jẹ ọbẹ̀ rẹ."

"Ọbẹ̀ mi kọ́ ni mò ń jẹ yìí?"

Òótọ́ ni, ó ń jẹ ẹ́. Ohun tí Fọlákẹ́mi nìkan mọ̀ rèé. Láti ìgbà tí ìyàwó Jamíl ti kú, oúnjẹ ti kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n pààrọ̀ ọbẹ̀, pàbó ni. Ìgbà tí wọ́n gbé e wá sí ọ̀dọ̀ Brónyà ni ẹnu rẹ̀ là. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kan gún un, yóò fi ṣíbí kan sẹ́nu kó tó wá òmíràn. Láàárín oṣù mẹ́jọ ó ti fi kílò mẹ́rin wúwo sí i. Dókítà ní oògùn ló ṣe é. Fọlákẹ́mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wá di oṣù kẹwàá ọdún 2023, ogun tuntun bẹ́ sílẹ̀, pípa ń gorí pípa. Brónyà ní ọmọ-ọmọ kan nínú àwọn ọmọ ogun níbẹ̀. Jamíl ní ẹbí ìyàwó rẹ̀ ní Gásà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí kò gbúròó wọn. Nathan, máníjà ilé náà, pa tẹlifíṣọ̀n yàrá ìjẹun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ìjà rárá ní tábìlì kẹrin, tí oníkálùkù kàn ń wo yìnyín lójú fèrèsé. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ̀rù máa ń ba Fọlákẹ́mi.

Ẹ̀yìn ta ni òun fúnra rẹ̀ wà? Kò dá ara rẹ̀ lóhùn rí. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá rẹ̀, ó ti lọ Jerúsálẹ́mù, ó sì fi J.P. sẹ́yìn orúkọ bí ìrù ẹṣin. Lórí Wọ́sáàpù ẹbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Síkírù a fi fídíò kan nípa ogun náà ránṣẹ́ láàárọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àbúrò wọn Ìdẹ̀raolúwa a ti fi òmíràn dá a lóhùn. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà Háífà. Síkírù gan-an, bó bá dé Ìbàdàn, ó máa ń ṣìnà. Fọlákẹ́mi a fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sábẹ́ ti àkọ́kọ́, a sì fi ọwọ́ àdúrà sábẹ́ ti ìkejì.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Nathan gbé ọ̀rọ̀ tuntun dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Nathan, irú ẹni tó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn bó bá kọlù ú. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe Ògiri Ìrántí sí ẹnu àbáwọlé, kí àwọn ẹbí tó bá wá kí àwọn arúgbó lè rí nǹkan wò. Kí arúgbó kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó ti ìgbà èwe rẹ̀ wá, kí wọ́n sì kọ ìwé pélébé kan sí abẹ́ rẹ̀.

Jamíl ló kọ́kọ́ pe Fọlákẹ́mi. "Bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé Fọlákẹ́mi nìyí o. Bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé abúlé wọn, Alhaji Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn méjì bá ń du ilẹ̀, òun náà ni í bá àwọn méjèèjì kọ̀wé, nítorí kò sí akọ̀wé mìíràn títí dé odò. A máa ní, "Akọ̀wé kì í ṣe adájọ́. Ẹnu ẹlẹ́nu ni gègé ń kọ." Inú Fọlákẹ́mi dùn pé ogún bàbá òun wúlò ní Kánádà. Ó fa àga, ó ṣí bírò, ó kọ ohun tí Jamíl sọ láìyọ ẹyọ kan:

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Ìyá mi gbé kọfí kaná, èmi ni mò ń to ife. Ìbọn dún ní òpópónà wa. Wọ́n lé wa jáde ní ìlú wa; a sáré dé èbúté, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀. Ìyá mi ní, 'A ó padà wá mu kọfí náà kó tó tutù.' Ife kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun nìyí. A ò padà."

Fọlákẹ́mi nu ojú. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, ó rí i pé ó ṣófo. Nílé wọn, ìwé tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, ewé lásán ni. Ló bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà pé, "Ẹlẹ́rìí: Fọlákẹ́mi," ó sì fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Brónyà pè é. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ṣé Fọlákẹ́mi lè wá sọ fún àgbà pé òun ti kọ ti ẹnìkejì? Ó fa àga, ó ṣí bírò kan náà:

"Lábẹ́ pákó ilẹ̀ àká kan ní Pólàǹdì ni wọ́n fi wá pamọ́ sí, àwa mẹ́rin, ṣíbí kan. À ń fi í jẹun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ogun parí, ó ku èmi àti àǹtí mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ọkọ̀ já wa sí Háífà. Òṣìṣẹ́ èbúté kan gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní, 'Ilé lo dé.' Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ìlú náà ṣófo dé àyè kan. Wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ ti dìde lọ fúnra wọn. A padà sílé àwọn baba wa. Ṣíbí náà nìyí."

Fọlákẹ́mi tún nu ojú. Ó sì tún kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹlẹ́rìí: Fọlákẹ́mi."

Bí wọ́n ṣe gbé nǹkan kọ́ sára ògiri, àfi bí ẹni pé ẹni tó tò ó ń wá ìjà: ife lápá ọ̀tún, ṣíbí lápá òsì, ìwé méjì, ọwọ́ kan, ẹlẹ́rìí kan. Lọ́jọ́ Sátidé, àlejò kan fi ìbínú pe Nathan lórí ìwé Jamíl. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, àlejò kejì ti kọ lẹ́tà lórí ti Brónyà. Àwọn méjèèjì sì béèrè ọ̀rọ̀ kan náà: ta ló ń jẹ́ Fọlákẹ́mi?

Brónyà àti Jamíl náà ti dé ìdí ògiri. Brónyà fi ìka lé orúkọ náà. "Ìwọ lo jẹ́rìí sí èyí? Pé a lé wọn?"

Jamíl náà fi ìka lé e ní apá kejì. "Pé a dìde fúnra wa? Pẹ̀lú ife lọ́wọ́? Fọlákẹ́mi, o wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà... mà..." Ó kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó bi í bóyá orúnkún ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Nathan pè é sí ọ́fíìsì, ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà pé òun pè é. "Àwọn ìwé méjèèjì ò lè jọ jẹ́ òótọ́, àbí? Ìwọ sì fọwọ́ sí méjèèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mi ò fẹ́ wàhálà. Láti ọ̀la, bàbá náà á máa jẹun lókè, ní àjà kẹta. Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, a ó kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀ pátápátá. Ó sàn fún àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀."

Fọlákẹ́mi mọ̀ pé kò sàn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni Nathan, ohun tó sì jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọjọ́ Tuesday, wọ́n gbé abọ́ Jamíl wá sílẹ̀ láti òkè, ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò dín. Wednesday, bákan náà. Thursday, ó mu omi. Nísàlẹ̀, Brónyà jókòó ní iwájú àga tó ṣófo, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀, bí ẹni pé ó ti níyọ̀ rí. Kò bá Fọlákẹ́mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí Fọlákẹ́mi gun òkè lọ, Jamíl yíjú sí ògiri. Ìwọ̀n rẹ̀ ti fi kílò kan já wálẹ̀. Bó bá di Mọ́ńdè tí wọ́n kó o lọ tán, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: ebi ò ní pa á, àìsí ẹni bá jà ni yóò pa á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Thursday náà, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé ní Jane and Finch, ó pe Síkírù, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Síkírù rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ fọwọ́ síbi ẹlẹ́rìí? Yéè! Ọmọ akọ̀wé! Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń ṣe."

"Irọ́ ni o! Bàbá ò fọwọ́ síbẹ̀ láyé rẹ̀. Àpótí ìwé wọn wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹni tó ń bá ọ jà gan-an ló máa ń fọwọ́ síbi ẹlẹ́rìí. Bàbá á ka ìwé rẹ sí i létí, á sì ka tirẹ̀ sí ìwọ náà létí. Tó bá tán, oníkálùkù á ní, 'Mo ti gbọ́.' Kò ní sọ pé òun gbà o. Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnìkan ò bá lè sọ pé òun gbọ́, Bàbá ò ní fi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Tí wọn ò bá wá fẹ́ gbọ́ ńkọ́?"

"Kò sí ẹni tó máa jẹun. Bàbá náà ò ní jẹ. Ìyá wa a máa fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn pé oúnjẹ ti ń tutù. Àmọ́ ṣá o, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, fídíò tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, ṣé o wò ó?"

"Mo fi ọwọ́ àdúrà sí i."

"Mi ò bi ẹ́ nípa ọwọ́. Ṣé o wò ó?"

Bọ́ọ̀sì dúró ní ibùdókọ̀. Fọlákẹ́mi ní òun ti dé, òun ń bọ́ sílẹ̀. Kò tíì dé.

Ní ọjọ́ Friday, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán jáde, ó kan ilẹ̀kùn Nathan. Kò kúnlẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú kí orúnkún má bàa dà á. "Ọ̀gá, rárá."

"Rárá kí ni?"

"Rárá sí ti àjà kẹta, sà. Ẹ fún mi ní wákàtí kan, àti ìwé méjèèjì."

Nathan ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rin, kò sì gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi tọrọ gáfárà, ó sì lọ tú ìwé méjèèjì kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀.

Fọlákẹ́mi ti Jamíl wá lórí àga onítáyà, ó gbé e sí ìdí tábìlì kẹrin. Brónyà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà tó ti jìn wọlé.

"O ti rù," ó ní.

"Ìwọ ńkọ́? Eegun lo fi jókòó."

Ọbẹ̀ dé. Fọlákẹ́mi fi ọwọ́ bo abọ́ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti ṣẹ̀ yín. Ibi tó yẹ kí ẹ̀yin fọwọ́ sí ni mo lọ fi orúkọ mi sí." Ó wá ṣàlàyé ìlànà bàbá rẹ̀ fún wọn, pé ẹni tí wọ́n ń kàwé fún, etí nìkan ló ní, kò ní ẹnu.

"Mo ní ẹnu," Brónyà ní.

"Gbogbo ilé yìí ló mọ̀," Jamíl dáhùn.

Fọlákẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti Jamíl. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní "Wọ́n lé wa," Brónyà na ọrùn. "Ní ilé-ìwé, wọ́n sọ fún wa pé..."

"Etí nìkan, mà."

"Mò ń fi etí sọ̀rọ̀ ni!"

Ó kà á dé ìparí, dé orí ife. Ó retí kí Brónyà yọ idà. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà ń wò ni ọwọ́ Jamíl lórí tábìlì.

"Iná tó wà lábẹ́ kọfí náà," ó bi í. "Ta ló pa á?"

"Mi ò mọ̀," Jamíl ní. " Ìyá mi béèrè bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ní Bèrútù, níbi tí ọkọ̀ gbé wa lọ, ó lè máa fọ aṣọ lọ́wọ́, kó kàn dìde dúró. 'Jamíl, ta ló pa iná náà?'"

Fèrèsé ń wò wọ́n, yìnyín ń bọ́. "Mo ti gbọ́," Brónyà ní.

Fọlákẹ́mi wá ka ti Brónyà. Nígbà tó dé "Ilé lo dé," ojú Jamíl pọ́n. "Ilé ta ni?"

"Etí, Alhaji."

"Etí mi ń hó!" Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú tó ṣófo dé, ó di etí tábìlì mú bí ẹni di ọkọ̀ mú nínú ìjì. Fọlákẹ́mi kà á tán. Bàbá mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ mọ́ èbúté rárá.

"Ẹ̀yin mẹ́rin, ṣíbí kan. Ta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ?"

"Àǹtí mi ní èmi ni." Ohùn Brónyà ti dínkù. "Èmi ni mo kéré jù."

"Ta ló ń jẹ kẹ́yìn?"

"Ìyá mi."

Jamíl mi orí. "Mo ti gbọ́."

Bí ìtàn bá mọ ibi tó yẹ kó dúró, ibẹ̀ ni ì bá dúró sí. Ṣùgbọ́n ó ku fífọwọ́ síwèé. Brónyà ní òun á fọwọ́ sí i, kìkì bí wọ́n bá fi kún un pé, "Mo gbọ́, n kò gbà." Fọlákẹ́mi kọ ọ́. Jamíl wò ó, ó ní kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà, kí lẹ́tà tòun sì tóbi ju tirẹ̀ lọ. Brónyà ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ tòun. Jamíl béèrè fún ìlà méjì. Nígbà tí bírò fi máa kúrò lọ́wọ́ wọn, ìwé pélébé méjèèjì ti kún bí ìwé ìdánwò, orúkọ Fọlákẹ́mi sì ti kúrò níbi ẹlẹ́rìí, ó ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ "akọ̀wé" sí.

Ìgbà náà ni wọ́n jùmọ̀ yíjú sí i.

"Ìwọ!" Brónyà ní. "O jókòó sí yàrá mi, o ń sunkún, o ń ní 'bẹ́ẹ̀ ni, mà'!"

"Ó sunkún ní tèmi náà," Jamíl ní. "Omijé kan náà ló fi ń tajà káàkiri!"

"Ahọ́n méjì!"

"Mẹ́ta!"

Nínú gbogbo oṣù tí wọ́n ti ń jà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Fọlákẹ́mi tẹrí ba, ó gba ìbáwí náà bí ẹni gba òjò àkọ́rọ̀ sára. Lábẹ́ ìbáwí náà ni ó ti rí ọwọ́ Jamíl tó ń na sí ṣíbí ọbẹ̀.

Brónyà gbá Fọlákẹ́mi lọ́wọ́. "Ó dáa, sọ fún wa. Ìwọ fúnra rẹ, ta lo rò pé ó jàre?"

Ó ronú kan bàbá rẹ̀. "Mà, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ yín."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Nathan wọlé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, wákàtí ti pé. Kó tó la ẹnu, Brónyà ti gbé ìka sókè. "Ìwọ lo ní kí wọ́n gbé e lọ sí àjà kẹta? Ta ni kí n máa bá jà? Ọbẹ̀?"

"Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ tán," Jamíl ní, ọbẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù ṣì wà nílẹ̀."

Nathan ka ìwé méjèèjì, ó wo ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ "n kò gbà," ó wo abọ́ Jamíl. Ó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa kílò kan tó já wálẹ̀. Ó ní òun á gbé ìwé náà padà sára ògiri bí wọ́n ṣe kọ ọ́, bí àlejò kankan bá sì tún pè, òun á ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn tó fọwọ́ sí i. Ní ti Mọ́ńdè, kò sí ẹrù tí ẹnikẹ́ni máa kó. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àga tó fẹsẹ̀ kọ, ó sì jáde.

Fọlákẹ́mi na ọwọ́ kó àwọn abọ́. Ti Jamíl ti gbẹ, bí ẹni pé ológbò ló lá a. Inú rẹ̀ dùn tó fi fẹ́ kọrin.

"Fọlákẹ́mi," Jamíl ní, "búrẹ́dì mi wà níbí tẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí ti jẹ ẹ́."

"Èmi? Búrẹ́dì tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi láti àárọ̀?"

"Ìlàjì tábìlì nìyẹn! Apá ọ̀dọ̀ mi ni! Fọlákẹ́mi, o wà níbẹ̀, o rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí i," Brónyà ní, "ó rí i pé tèmi ni. Sọ fún un!"

Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó gbé abọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ilé ìdáná.

"Ẹ ṣe sùúrù, mà. Ẹ ṣe sùúrù, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú bírò wá."